Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùkọ́ Iṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì: Ohun Tí Káńtà Ìlú Ọba Ń Béèrè Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka àti olùkọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn pọ́lì ilẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ.

Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣiṣẹ́ ní rìsẹ́pṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlú Ọba, àwa náà la sì máa ń fi iṣẹ́ han àwọn tuntun tí wọ́n bá dé. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun yìí, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti jáde. Wọ́n ti gba ND tàbí HND, wọ́n tún wá kàwé sí i níbí, iṣẹ́ káńtà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà. Wọ́n mọ àlejò kí, ìmúra wọn dára, wọn kì í sá fún iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kì í kọsẹ̀ níbẹ̀: owó tó há sínú káàdì, kọ́kọ́rọ́ yàrá, ọjọ́ tó ń yí lóru, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu, àti wákàtí físà. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ kọ́ wọn ní nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fi irinṣẹ́ kọ́ wọn, kí ó má parí sórí bọ́ọ̀dù.

Owó la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dá ariwo sílẹ̀ jù. Ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ láti ilé ni pé àlejò á san owó yàrá, á san owó ìdógò, POS á fa owó náà lọ, ó tán. Níbí, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ káàdì ń ṣe. Ó lè gba owó. Ó sì lè ní kí báńkì dá owó dúró sínú àkáǹtì àlejò, kí àlejò má lè ná an, bẹ́ẹ̀ ni owó náà kò tíì dé ọwọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Èyí èkejì la sábà máa ń ṣe nígbà tí àlejò bá ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé yàrá jẹ́ £95 lálẹ́ kan, àlejò fẹ́ sun alẹ́ méjì, òtẹ́ẹ̀lì sì ń fi £50 lé e lálẹ́ kọ̀ọ̀kan nítorí oúnjẹ àti ọtí tí wọ́n lè kọ sọ́rùn yàrá. £190 àti £100, ó di £290. Báńkì á dá £290 dúró, á sì fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda kan. Bí ọmọ bá mú ojú kúrò lára nọ́ńbà yẹn ni ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí àlejò ń lọ, bí gbogbo gbèsè rẹ̀ bá jẹ́ £214, orí nọ́ńbà ìyọ̀ǹda yẹn ló yẹ kí òṣìṣẹ́ padà sí, kó gba £214 nínú £290 tó ti há, kó sì tú £76 tó kù sílẹ̀. Ohun tí ẹni tuntun máa ń ṣe ni pé á tẹ £214 bí ọjà tuntun. Báńkì á san £214 náà, £290 ti àkọ́kọ́ á ṣì há síbẹ̀. Àlejò á ṣí fóònù rẹ̀ nínú takisí, á rí i pé £504 ni ọwọ́ òun kò tó mọ́, á sì pe òtẹ́ẹ̀lì pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba owó lọ́wọ́ òun. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló ń sọ, kò purọ́. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá tiẹ̀ tú owó náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, báńkì mìíràn lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn nínú àkáǹtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àlejò bá ní òun fẹ́ san kéṣì nígbà tó ń lọ: ẹ gba kéṣì, àmọ́ ẹ tú owó orí káàdì sílẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kó kúrò níwájú yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́ wọn láti sọ ohun mẹ́ta kí káàdì tó kan ẹ̀rọ: iye tí a fẹ́ dá dúró, pé a ò tíì gbà á, àti pé ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó padà lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó lo káàdì tí owó ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí owó oúnjẹ ọmọ ló lè há yẹn. Àlejò tó bá ti Nàìjíríà wá pẹ̀lú káàdì tí báńkì fi ààlà sí, ẹ sọ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, kó lè yan káàdì mìíràn tàbí kó bèèrè bóyá òtẹ́ẹ̀lì lè gba ìdógò kéṣì.

Ọ̀nà kejì tí owó fi ń dàrú ni ti àwọn tó gba yàrá lórí Booking.com tàbí Expedia. Ẹlòmíràn ti sanwó fún ilé iṣẹ́ yẹn tán kó tó dé. Ilé iṣẹ́ náà á fi nọ́ńbà káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì. Iye owó yàrá gẹ́lẹ́ ló máa ń wà lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí àlejò wọlé ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú á rí i pé ó kọ̀, á sì ní kí àlejò tún owó san. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n kà nínú ìwé ìgbàyàrá: ta ló sanwó, ìgbà wo la lè gbà á, kí ló kù tí àlejò fúnra rẹ̀ á san. Àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì: wọn ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí ìwé kankan, kódà bí máníjà bá ní kí wọ́n kọ ọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ló kàn. Káàdì ni kọ́kọ́rọ́ níbí, ìbáà jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ Vingcard, Salto tàbí Onity ṣe. Bí a bá fẹ́ ṣe é, ẹ̀rọ á bèèrè bóyá tuntun ni tàbí ẹ̀dà èyí tó ti wà nílẹ̀. Tí a bá ṣe tuntun, tí wọ́n sì fi kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á pa gbogbo káàdì ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ohun tó dára ni bí káàdì bá sọnù, torí ẹni tó bá hé e kò ní lè fi wọlé mọ́. Àmọ́ bí ìyàwó bá sọ̀ kalẹ̀ wá gba káàdì kejì, tí òṣìṣẹ́ sì tẹ tuntun dípò ẹ̀dà, káàdì ọwọ́ ọkọ ti kú nìyẹn. Ọkọ á dé láago kan òru, ilẹ̀kùn á máa tan iná pupa sí i. Káàdì máa ń kú fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ní wákàtí tó yẹ kí àlejò lọ. Ẹni tó bá fi alẹ́ kan kún un gbọ́dọ̀ mú káàdì rẹ̀ wá kí wọ́n tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bá ara rẹ̀ níta lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀kùn kò bá sì tan iná kankan rárá, bátìrì rẹ̀ ló kú. Kí òṣìṣẹ́ má jókòó máa ṣe káàdì lórí káàdì. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ni kó pè, tàbí kó lo ẹ̀rọ tí a fi ń ṣílẹ̀kùn nígbà pàjáwìrì.

Nọ́ńbà yàrá kì í jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́. A máa ń kọ ọ́ sínú páálí tí káàdì wà nínú rẹ̀, a ó fi ìka hàn án, a ó ní, "Yàrá yín nìyí, lífìtì wà lápá ọ̀tún." Ẹni tó dúró lẹ́yìn nílà kò gbọdọ̀ mọ ibi tí obìnrin tó dá rìnrìn-àjò ń sùn. Ẹ fi èyí ṣe ìdánrawò títí tí yóò fi mọ́ wọn lára, torí kíkéde nọ́ńbà yàrá sókè ni ohun àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe.

Ní aago méjì òru, ẹnì kan á dé pé òun ti sọ kọ́kọ́rọ́ yàrá 214 nù. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí yàrá náà, tí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, ó parí. Bó bá ní inú yàrá ni òun fi pásípọ́ọ̀tù sí, òṣìṣẹ́ méjì ni kó bá a gòkè, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n wo ìwé náà kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí yàrá, kò sí káàdì, ì báà ṣe ọkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ pe yàrá náà lórí fóònù, kí ẹni tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé nílé, bí ọkọ bá dé tó sọ pé ìyàwó òun wà lókè, ojú máa ń ti ọmọ láti dá a dúró. Níbí, obìnrin mìíràn wà tó jẹ́ pé ọkọ yẹn gan-an ló sá fún wá sí òtẹ́ẹ̀lì.

Òun náà ló fà á tí a kì í fi í dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí fóònù bóyá lágbájá wà lọ́dọ̀ wa. A ó ní, "Mi ò lè sọ bóyá ẹni náà wà níbí tàbí kò sí. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀." Bó jẹ́ ọlọ́pàá ló wọlé, òfin fún un láyè láti yẹ ìwé orúkọ àlejò wò. Kí òṣìṣẹ́ wo káàdì iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó sì pe máníjà. Ọlọ́pàá tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló wà kò ní rí nǹkan kan gbà.

Orí fóònù yìí náà ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń gbà wọlé. Àkókò tí wọ́n fẹ́ràn ni òru, nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo wà lórí káńtà. Wọ́n á ní láti ọ́fíìsì àgbà ni àwọn ti ń pè, pé ẹ̀rọ káàdì fẹ́ bàjẹ́, kí òṣìṣẹ́ ka nọ́ńbà kan fún wọn, tàbí kó fi kéṣì inú dúrọ́ọ̀ sínú àpò ìwé torí ẹnì kan ń bọ̀ wá gbà á. Àwọn mìíràn máa ń fi ímeèlì ṣọwọ́ bí àlejò tó ń ráhùn, wọ́n á ní kí a tẹ ibì kan wo àwòrán. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ aṣínà Booking.com ti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn àlejò wa pé kí wọ́n tún owó san. Ọmọ tí a tọ́ láti máa bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ló rọrùn fún wọn jù, torí ohùn ọ̀gá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ pé kó ní, "Ẹ ṣeun, màá pe ọ́fíìsì padà," kó sì pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe èyí tí wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ń yí wá kàn, òun sì ni iṣẹ́ òru gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà òtẹ́ẹ̀lì, irú bíi Opera, ọjọ́ kì í yí láago méjìlá òru fúnra rẹ̀ bíi ti ara ògiri. Ìṣirò alẹ́ ló ń yí i. Kí a tó ṣe é, a ó wo àwọn tó yẹ kó dé tí wọn kò tíì dé, a ó yẹ owó yàrá kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó bá ti ìwé ìgbàyàrá mu, a ó rí i pé owó ilé ọtí àti ti ilé oúnjẹ ti wọlé, a ó pa iye orí ẹ̀rọ káàdì pọ̀ mọ́ iye inú kọ̀ǹpútà. A ó wá tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá wọn, sórí ìwé gidi. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á kọ owó yàrá sọ́rùn àlejò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ á sì yí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ yí ọjọ́ láago kan kí iṣẹ́ lè tètè tán, nígbà tí àlejò tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ pẹ́ ṣì wà lọ́nà. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò wá, ó lè gba owó rẹ̀, yàrá rẹ̀ á sì ṣófo fún títà. Láago méjì ààbọ̀, òun nìyẹn níwájú káńtà pẹ̀lú àpótí. Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ náà ní ìṣòro tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó ń kúrò ní Èkó lálẹ́ máa ń balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìdájí. Ẹni tó bá balẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, tó gba yàrá fún ọjọ́ karùn-ún, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni yàrá rẹ̀ á tó ṣe tán. Bó bá fẹ́ sùn ní kété tó bá dé, alẹ́ ọjọ́ kẹrin ló yẹ kó sanwó fún, kó sì fi tó òtẹ́ẹ̀lì létí pé òwúrọ̀ ni òun á dé. Òṣìṣẹ́ tó bá lè ṣàlàyé èyí pẹ̀lú sùúrù, tó gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò, tó fi ibi tó ti lè mu tíì hàn án, kò ní rí ìbínú.

Ìwé orúkọ tí a tẹ̀ yẹn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà tó bá kú nìkan. Bí aago iná bá dún, òun ni a ó gbé jáde lọ síbi tí gbogbo ènìyàn ń kóra jọ sí, ká fi mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí àmì wà lára orúkọ ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àti ẹni tí kò gbọ́ran. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ ka ojú ẹ̀rọ iná láti mọ ibi tó ti dún. Kò gbọdọ̀ pa ohùn rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ooru omi gbígbóná láti balùwẹ̀ tí wọn kò tilẹ̀kùn rẹ̀ ló dé ara ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín, ìyẹn wọ́pọ̀ gan-an, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti orí àga. Bí iná bá wà, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìlú Ọba, ni kó pè. Lífìtì kì í ṣe ọ̀nà. Iṣẹ́ tó kù fún òṣìṣẹ́ káńtà ni kó fún àwọn panápaná ní ìwé orúkọ, kó má sì padà wọlé.

Ti òfin, díẹ̀ la ó sọ. Láti ọdún 1972 ni àṣẹ kan ti wà pé òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ kíkún àti orílẹ̀-èdè àlejò kọ̀ọ̀kan tó bá ti pé ọdún 16, kí ìwé náà sì wà nílẹ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá jẹ́ ará Ìlú Ọba, Ireland tàbí orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, a ó tún gba nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fún un, àti ibi tó ń lọ lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wa. Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, torí náà ohun tí àṣẹ yìí ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kéré sí ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010 sì wà. Bí ọkùnrin méjì bá gba yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kan, kọ́kọ́rọ́ wọn ni kí òṣìṣẹ́ fún wọn, láìsí ìbéèrè, láìsí pé ó ń fi yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì lọ̀ wọ́n. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ pé àwọn onílé ìtura kan ní Cornwall rú òfin tó wà ṣáájú ti 2010 yìí bí wọ́n ṣe kọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó jẹ́ alájọgbé lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn ni wọ́n sọ pé àwọn tẹ̀ lé. Ẹ má fi èyí pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ wọn, kí wọ́n sì pinnu bóyá iṣẹ́ yìí bá wọn lára mu, ju kí wọ́n pàdánù iṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ físà ló wúwo lọ́kàn wa jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè dìgírì, wákàtí 20 péré ló lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ọ̀sẹ̀ yìí ń bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú, wọn kì í sì í fi ọ̀sẹ̀ kan dí òmíràn. Ẹni tó wọ iṣẹ́ òru láago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, tó jáde láago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wákàtí kan ló wà nínú ọ̀sẹ̀ tó parí, méje sì ti jẹ lára ti ọ̀sẹ̀ tuntun. Ìyẹn ni àwọn ọmọ kì í rò. Iṣẹ́ òru wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta ti kọjá 20. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dáàbò. Máníjà tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dúró títí di aago mẹ́wàá lè má mọ̀, ọmọ ni físà rẹ̀ á bàjẹ́. Kó máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè di £12.21 fún wákàtí kan ní oṣù kẹrin ọdún 2025, oṣù kẹrin náà ló sì máa ń yí padà. Ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n ní kó fi ṣáájú dé láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, iṣẹ́ ni, owó wà lórí rẹ̀, ó sì wà nínú wákàtí 20 yẹn. Bí iṣẹ́ bá kọjá wákàtí mẹ́fà, ìsinmi 20 ìṣẹ́jú jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ sì tún bá wa kìlọ̀ fún àwọn òbí. Iṣẹ́ rìsẹ́pṣọ̀n kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba físà Skilled Worker, ìyẹn físà tí agbanisíṣẹ́ fi ń mú òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun. Físà iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí ìjọba Ìlú Ọba ń fún àwọn òṣìṣẹ́ oko, oko ló wà fún, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ ìdílé pé òun á fi iṣẹ́ káńtà òtẹ́ẹ̀lì gbé ọmọ wọn wá láti Nàìjíríà, ohun tí kò sí ló ń tà.

Ohun tí a ń béèrè kò ní ná yín lówó púpọ̀. Ẹ ra ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ti lò rí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣe káàdì rẹ̀, kí ẹ gbé e sí kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe tuntun àti ẹ̀dà títí yóò fi rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ẹ ya tábìlì kan sọ́tọ̀ bíi káńtà, kí fóònù máa dún, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe bí ọkọ tó ń wá ìyàwó rẹ̀, kí òmíràn ṣe bí ọ̀gá láti ọ́fíìsì àgbà. Nígbà tí ẹ bá ń rán wọn lọ sí SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ bẹ àwọn òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n fi wọ́n sí iṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ẹni tó ń ṣe ìṣirò alẹ́, kì í ṣe pé kí wọ́n kàn máa gbé ẹrù. Àwa náà ti ṣetán láti dara pọ̀ mọ́ kíláàsì yín lórí fídíò lọ́jọ́ tí a kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yan ọjọ́, ẹ fi ìbéèrè àwọn ọmọ ṣọwọ́ ṣáájú, kí ó lè jẹ́ ohun tó ń dà wọ́n láàmú la ó dáhùn.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ rìsẹ́pṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba